Àǹtí Kò Tíì Bi Mí

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbídùnní ti pọ́n lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó jókòó rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òfin fún un. Kò sì sọ ju pé, "Ẹ rọra, Bàbá, ẹsẹ̀ yín wú," nígbà tí bàbá rẹ̀ ń tiraka láti gun àga ìtọ́jú. Ẹ̀gbà náà fún un lọ́wọ́ pinpin, ó tan iná pupa, ohùn obìnrin kan sì ti ara ògiri jáde, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kò mọ ìbínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n wa, ara Bàbá kì í ṣe ara yín. Ẹnu Bàbá ni yóò sọ ohun tó ń ṣe Bàbá. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí," ni Ìbídùnní dáhùn, ó sì payín keke.

Gbogbo Aráròmí Òkè ló ń pe ẹ̀rọ náà ní Àǹtí. Òun ló ń wọn oògùn, òun ló ń fà á sí aláìsàn lára, òun náà ló sì ń gbọ́ tẹnu aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, omidan kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá, kò ní iṣẹ́ ju kó fi abẹ́rẹ́ sí iṣan, kó nu ojú gíláàsì tí Àǹtí ń kọ̀rọ̀ sí, kó sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Láyé ijọ́un, àwọn ọmọ a máa fi àrùn pamọ́ fún òbí wọn, wọ́n a máa tọwọ́ bọ̀wé lẹ́yìn wọn, dókítà a sì máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí bàbá bí ẹni pé bàbá ti kú. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe Òfin Ẹnu-Ara-Ẹni. Òfin tó dára ni. Ìbídùnní gan-an wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí bàbá tirẹ̀ kì í bá ṣe Láwuyì ló lè máa pàtẹ́wọ́ títí dòní.

Wọ́n ní ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti Bàbá Láwuyì kò rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé àti ìwà, kò sì sí ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ lé lórí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àfi ara rẹ̀. Jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Oògùn onírin ni wọ́n ń fún un, èyí tí wọ́n ń fi irin olówó iyebíye kan ṣe, oògùn náà sì ń jà. Kókó jẹjẹrẹ náà ti ń súnkì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá ti ka ìkìlọ̀ rẹ̀ sí wọn létí láti inú ìwé, torí òfin gbà á láyè kó kàwé. Ó ní inú kíndìnrín ni oògùn yìí ń gbà jáde lára, bó sì ṣe ń kọjá ló ń jó o. Bí aláìsàn bá sọ pé ìtọ̀ òun ń dín kù, pé ẹsẹ̀ òun ń wú, Àǹtí á dúró, á gba ẹ̀jẹ̀, á fa omi iyọ̀ sí i lára, á dín oògùn kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Bí aláìsàn kò bá sọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ìgbà kìíní àti ti ìgbà karùn-ún nìkan ni Àǹtí ń gbà láìjẹ́ pé wọ́n ní nǹkan ń ṣe wọ́n. Òní ni ìgbà kẹrin.

Ike kan wà nílé tí Ìbídùnní fa ìlà mẹ́wàá sí lára. Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ni Bàbá ń gbé e sí láràárọ̀, á fi àwo bò ó, á sì kọjú sí ibòmíràn bí ẹni tí kò rí ike rí láyé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìtọ̀ ń dé ìlà keje. Lánàá, ìlà kejì ni, ó sì dúdú bí tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n wá fún ìgbà kẹta, ìlà kẹrin ni, Ìbídùnní sì di ike náà sínú àpò, ó gbé e wá síwájú Àǹtí. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ike kì í ṣe ẹnu.

Ẹ ò rí nǹkan! Ike kì í ṣe ẹnu, ọmọ kì í ṣe ẹnu, nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹnu. Ẹnu kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹnu, ẹni tó ni ín kò là á.

Nínú ọkọ̀ okùn, èyí tó ń rọ̀ lórí okùn irin, tó gbé wọn gòkè láàárọ̀ yìí, Ìbídùnní tún ti bẹ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, lónìí, ẹ sọ fún Àǹtí."

"Bí ó bá bi mí, n ó sọ."

"Ó ń bi yín! Ìgbà mẹ́ta ló ti bi yín, ìgbà mẹ́ta lẹ ní a dúpẹ́!"

"Ó ń kí mi ni. Kò tíì bi mí."

"Bàbá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní òwe yẹn," ni Bàbá wí. Ó ń wo àwọn òrùlé tó yọrí lójú omi nísàlẹ̀, níbi tí ilé-ìwé rẹ̀ wà kí òkun tó gba àdúgbò náà. "Má fi bá mi wí."

Díẹ̀ ló kù kí Ìbídùnní bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn? Ta ló ń dúró lójú ikú, tó ń pín ọ̀rọ̀ sí ìkíni àti ìbéèrè?

Àmọ́ wọ́n ti dé yàrá ìtọ́jú báyìí, Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá ti fi abẹ́rẹ́ sí apá Bàbá, Àǹtí sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Káàárọ̀. A dúpẹ́."

"Ṣé dáadáa la jí?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan."

Bó ṣe ń dáhùn ni orí rẹ̀ ń mì, bí ẹni tó ń gbọ́ ọmọ tó mọ̀wé kà. Ó ní ìdí. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n gbé Àǹtí dé Aráròmí Òkè, kò mọ ju kó máa da ìbéèrè bo ènìyàn bí ọlọ́pàá lọ. Bàbá Láwuyì wà lára àwọn àgbà méje tó dìde, tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí kò lè kí ènìyàn, kí wọ́n gbé e padà síbi tí wọ́n ti gbé e wá. Òun gan-an ló jókòó ti àwọn ẹnjiníà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó kọ́ Àǹtí ní ìkíni bó ṣe kọ́ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí Àǹtí bá ti kí i, inú rẹ̀ a máa dùn. Ìyẹn náà tún wà lára ohun tó ń bí Ìbídùnní nínú.

Lójú gíláàsì tó kọjú sí Ìbídùnní àti Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò oògùn sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, ó kún dẹ́múdẹ́mú.

"Ẹ̀kún oògùn ni, n kò dín in kù," ni Àǹtí wí. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ fara balẹ̀, Bàbá."

Ìbídùnní kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde. "Bàbá, ẹ sọ fún un pé ẹ ò rí ìtọ̀ tọ̀!"

Ẹ̀gbà pọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fún un débi pé ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n wa," ni Àǹtí wí. "Ẹ kú sùúrù."

Ẹ kú sùúrù! Ìbídùnní wo ara ògiri bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Bó bá tún la ẹnu sọ̀rọ̀ ara Bàbá, ìlẹ̀kùn á ṣí, wọn á ní kí òun àti Bàbá máa lọ sílé, orúkọ Bàbá á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú. Láti ìsàlẹ̀ ìwé dé òkè, oṣù mẹ́ta gbáko ni, jẹjẹrẹ kò sì ní jókòó dè wọ́n fún oṣù mẹ́ta. Bó bá sì dákẹ́, gbogbo oògùn inú àpò yẹn á gba inú kíndìnrín tó ti ń kú lọ kọjá. Kò sí èyí tó fẹ́ nínú méjèèjì. Inú bí i sí òfin, inú bí i sí Àǹtí, ṣùgbọ́n èyí tó bí i sí bàbá rẹ̀ ló pọ̀ jù, ojú sì tì í pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ta ní í bínú sí ẹni tó ń ṣàìsàn?

Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá mú aṣọ ìnuǹkan rẹ̀, ó nu ojú gíláàsì náà, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló yí i kọjú sí Bàbá, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí nọ́ọ̀sì má nu gíláàsì.

Tíṣà kì í rí ìwé kó má kà á. Bàbá Láwuyì fa awò ojú rẹ̀ yọ nínú àpò, ó fi sójú, ó sì ń kà á sókè ketekete.

"'Aláìsàn sọ pé òun jí dáadáa. Aláìsàn sọ pé ara òun le. Aláìsàn sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.'" Ó yọ awò. "Ta ni aláìsàn yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni Àǹtí dáhùn.

"Èmi kẹ̀? Nígbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lẹ́ẹ̀kan yìí, Bàbá. Àti nígbà kìíní. Àti nígbà kejì. Àti nígbà kẹta."

"Mo kí ọ ni!" Bàbá ti ń gbéra nínú àga, Nọ́ọ̀sì sì sáré di apá tí abẹ́rẹ́ wà mú. "O kí mi, mo dá ọ lóhùn! Ta ní í kọ ìkíni sílẹ̀? Bí aládùúgbò bá kí ọ lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé kò sí nǹkan, ṣé wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àìsàn ilé rẹ fún un ni?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú sùúrù."

"Má fi ẹ kú sùúrù dá mi lóhùn! Èmi ni mo kọ́ ọ! Mo sọ fún àwọn ọmọ ẹnjiníà yẹn. Mo ní bí ẹ bá kí àgbà tán, ẹ mú àga, ẹ jókòó, kí ẹ wá bi í. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, Bàbá. Àṣé ìkíni ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ju ìbéèrè nù!" Ó mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó dáa. Ó yá, bi mí."

"Ṣé ara le, Bàbá?"

"A dúpẹ́," ni Bàbá wí.

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó mọ̀. Ìwà ọmọlúàbí bí ọgọ́rin ọdún kì í dúró gba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé tún yọ lójú gíláàsì, pé ara le, Bàbá sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá fi aṣọ ìnuǹkan bo ẹnu.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni Àǹtí wí.

"Bàbá!" Ìbídùnní kò lè gbà á mọ́ra mọ́. "Ẹnu yín ha kọ́ nìyẹn? Ẹ là á, kí ẹ kàn sọ̀rọ̀!"

"Kí n máa sọ ọ́ fún ta? Fún ògiri? Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta rèé, Ìbídùn. Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Èmi ńkọ́? Èmi tí mò ń bẹ̀ yín tọ̀sán-tòru?"

"Ò ń bẹ̀ mí. Ò ń bá mi wí. Ò ń gbé ike lọ, ò ń gbé ike bọ̀." Ohùn Bàbá ti rọlẹ̀. "O ò bi mí rí."

Ìbídùnní yanu láti já a nírọ́. Ó wo ẹ̀yìn lọ títí dé ọjọ́ kìíní. Ó ti ka ìlà lára ike. Ó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ Bàbá nígbà tí Bàbá sùn. Ó ti bi Nọ́ọ̀sì léèrè, ó ti bi àwọn ará ilé, ó ti ṣépè fún Àǹtí. Láràárọ̀ tó bá wọ yàrá Bàbá, ó máa ń ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bàbá á ní a dúpẹ́, òun á sì gbé ike. Kò sí ọjọ́ kan tó jókòó. Ó dùn ún wọ egungun, torí òótọ́ ni.

Ó wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Òfin ní kó má sọ ohun tó ń ṣe Bàbá. Bóyá ó gbà kó béèrè, bóyá kò gbà, kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó dán an wò rí, torí gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá yẹn ló ti mọ ìdáhùn tó fẹ́ kí aláìsàn sọ.

Ó wọ́ àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé wá sẹ́bàá àga. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ló jókòó lé e.

"Bàbá," ni ó wí, "kí ló ń ṣe yín?"

Ẹ̀gbà náà gbóná. Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá di ojú. Ìbídùnní ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíràn, ó ń retí pupa, pupa kò sì dé. Ẹ̀gbà tutù padà díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Láwuyì tún fìlà rẹ̀ ṣe. "O ṣeun," ni ó wí. Ó na ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì ń kà á bí ìgbà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

"Ìtọ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tọ̀, kò kún ife. Ẹsẹ̀ mi wú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á jìn síbẹ̀, kò ní tètè kún. Bí mo bá jẹun, èébì ló ń gbé mi. Iṣan ẹsẹ̀ mi ń fà. Láti ìgbà kejì tí mo ti gba oògùn yìí, agogo kan ń dún létí mi. Mo rò pé ti ilé-ìwé wa ni mo ń rántí, ṣùgbọ́n kì í dákẹ́." Ìtìjú hàn lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Orúnkún mi náà ń dùn mí. Oògùn orúnkún kan wà nínú àpótí ìwé mi. Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ó ti tó oṣù méjì."

"Oògùn orúnkún wo, Bàbá?" ni Ìbídùnní bi í. Ike kò sọ èyí fún un. Bó bá fa ọgọ́rùn-ún ìlà sí ike lára, kò lè sọ ọ́.

"Èyí tí ìyá rẹ ń lò. Ó ṣẹ́ kù nígbà tó dágbére fáyé."

"Oògùn dúró," ni Àǹtí wí. Àpò náà dúró gbọn-in lójú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Oògùn orúnkún yẹn àti oògùn onírin, àwọn méjèèjì ló jọ ń ba kíndìnrín yín jẹ́. Ẹ má ṣe lò ó mọ́. Mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀."

"Gbà á," ni Bàbá wí. "Ó ti tó àkókò."

Èsì ẹ̀jẹ̀ náà kò pẹ́. Bàbá ló kà á fúnra rẹ̀, torí gíláàsì ṣì kọjú sí i, kò sì sẹ́ni tó yí i padà. Bí wọ́n bá pín iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ sí mẹ́wàá, mẹ́ta ló kù. Omi iyọ̀ ni yóò máa wọ ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí kíndìnrín bá sọjí, wọn á fún un ní oògùn mìíràn, àbúrò oògùn onírin, tí kì í jó kíndìnrín tó bẹ́ẹ̀. Àǹtí kò ṣèlérí pé èyí tó ti bàjẹ́ yóò padà. Ó ní bí ẹ̀kún oògùn bá ti wọlé lónìí, bóyá ni ì bá ku ẹyọ kan.

Ìbídùnní gbọ́ ọ, ó sì sún àpótí kékeré náà mọ́ àga Bàbá.

"Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá pè.

"Sà."

"Bí mo bá kúrò lórí àga yìí, bá mi wá àwọn ẹnjiníà yẹn. Ẹ̀kọ́ kan kù tí n kò tíì kọ́ wọn dé ìdí."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Mopélọ́lá wí, ó sì lọ gbé àpò omi iyọ̀.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó wo irun rẹ̀ tí kò dì láti ọjọ́ yìí, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀gbà ti bó.

"Ìwọ ńkọ́, Ìbídùn?" ni ó wí. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

Ìbídùnní yanu láti sọ pé kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó ti fẹ́ bọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bọ́ láti ọjọ́ tó ti mọ̀rọ̀ sọ. Ó gbé e mì.

"Ó rẹ̀ mí, Bàbá," ni ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí jù. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bàbá Láwuyì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí Ìbídùnní lè rí àyè gbé orí lé àga.

"Máa wí," ni ó ní. "Mò ń gbọ́."